Ẹsẹ̀ Òsì Tí Kò Nà Tán: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Pianola Kan ní Kent

Orin á bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tó bá dé ibi tí ohùn ti pọ̀ jọ, tí ohùn ńlá àti ohùn tínrín jọ ń dún kíkankíkan, ìwé orin á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ohùn á lọ sílẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ á sì máa sáré ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Bí màmá tó ni pianola náà, ìyẹn píánò tí ẹ̀rọ ń fi róòlù ìwé tí wọ́n lu ihò sí tẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù nìyẹn. Wọ́n ní èémí ló ń tán nínú rẹ̀.

Olùkọ́ orin ni màmá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ilé wọn sì wà létí òkun ní Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn England. Píánò òòró ni pianola náà, irú èyí tí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀, a sì ti ṣe é láti àwọn ọdún 1920. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn ló ti kàn wọ́n.

Kí wọ́n tó pè mí, oníṣẹ́ kan ti dé ibẹ̀. Ó ṣí i wò, ó ní aṣọ gbogbo ẹwìrì inú rẹ̀ ti gbó, pé ọ̀nà méjì ló wà: kí òun tú gbogbo rẹ̀ kí òun fi aṣọ tuntun bò ó, tàbí kí òun gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná kékeré kan síbẹ̀ tí á máa fa afẹ́fẹ́, kí màmá sinmi ẹsẹ̀. Owó tó dá lé ọ̀nà àkọ́kọ́ pọ̀ ju iye tí ẹnikẹ́ni máa fi ra pianola náà lọ. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pianola pọ̀ ní England tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni àwọn tó ni ín ń fi tọrẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ṣáà wá gbé e kúrò nílé. Ọ̀nà kejì kò wọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n màmá kọ̀ ọ́. Mo gbà pé wọ́n jàre, màá sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ni ọ̀gá nínú pianola. Róòlù ìwé kan tó fẹ̀ tó ìǹṣì 11¼ máa ń kọjá lórí ọ̀pá idẹ tó ní ihò 88, ihò kan fún kọ́kọ́rọ́ píánò kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n bá ti lu ìwé náà, afẹ́fẹ́ inú yàrá á gba ihò ọ̀pá náà wọlé, á gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, á gbé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sókè. Awọ yẹn á ṣí fáàfù, fáàfù á so ẹwìrì kékeré tó wà fún ohùn yẹn pọ̀ mọ́ ibi tí a ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹwìrì kékeré náà á pa dé lójijì, pípadé rẹ̀ yìí ló máa ti òòlù píánò lọ lu wáyà. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí, ohùn ti dún.

Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ló ń fa afẹ́fẹ́ náà. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú iná; ti pianola ń fà á jáde ni. Ẹwìrì ẹsẹ̀ méjì ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, ẹwìrì á yanu, á gba afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ; bí o bá gbé ẹsẹ̀, sípíríǹgì á pa á dé, afẹ́fẹ́ yẹn á sì gba abẹ́ awẹ́ awọ kan jáde sínú yàrá. Ẹwìrì mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó jẹ́ ti ìpamọ́: sípíríǹgì inú rẹ̀ ń ṣí i, fífà tí ẹsẹ̀ ń fà ń pa á dé, òun ló sì ń di àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì kí orin má baà máa ta gìrìgìrì. Ẹni tó bá ti rí ẹni tó ń tẹ dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa látijọ́ ti rí ìbátan rẹ̀.

Agbára fífà yìí kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń fi rọ́bà tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà U tí omi wà nínú rẹ̀ wọ̀n ọ́. Bí ó bá ṣe ń fà tó ni omi á ṣe gbéra tó. Orin tútù lè má ju nǹkan bí ìǹṣì 5 omi lọ, èyí tó le gan-an sì lè kọjá 30. Ẹsẹ̀ ló ń pín in. Ẹni tó mọ pianola í tẹ̀, bí ó bá rọra tẹ̀, píánò á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ta ẹsẹ̀ lójijì, ohùn kan á yọ láàárín àwọn yòókù. Ìdí tí mo fi fara mọ́ màmá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná nìyí. Iná máa ń fa afẹ́fẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dára fún ilé ọtí, ṣùgbọ́n ẹni tó fi orin ṣiṣẹ́ jẹun gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò lè fara mọ́ ọn. Stravinsky pàápàá, gbajúmọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ orin sílẹ̀, kọ orin fún pianola ní 1917, ẹnìkan sì ní láti jókòó kí ó fi ẹsẹ̀ sọ ọ́ di orin.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo wọ yàrá náà ni ìkòkò òdòdó kan tí wọ́n gbé síwájú píánò, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò yẹ kí ìkòkò wà. Mo béèrè. Màmá gbé e kúrò, mo sì rí ilẹ̀kùn kékeré ibi tí pẹ́dàlì ń gbà jáde: kò pa dé tán. Pẹ́dàlì òsì yọ imú sí i.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, màmá?"

"Ó ti pẹ́. Kì í wọlé tán mọ́ látìgbà tí ìgbànú rẹ̀ já tí wọ́n bá wa so òmíràn. Ìyẹn kò ṣe nǹkan. Òdòdó ń bò ó."

Wọn kò sọ ọ́ lórí fóònù nítorí wọn kò kà á sí àìsàn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ilé ni, tí ọ̀rọ̀ orin sì jẹ́ ọ̀tọ̀.

Pẹ́dàlì tó ń ká wọlé kì í ṣe ohun tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ yìí. Nígbà tí Edwin Votey ṣe Pianola àkọ́kọ́ ní Detroit ní Amẹ́ríkà ní 1895, àpótí ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n á tì í lọ síwájú píánò èyíkéyìí, ìka igi rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ fẹ́ẹ̀lì wé á bọ́ sórí kọ́kọ́rọ́ píánò, á sì máa tẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ Aeolian ló gbé e jáde fún títà, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 250. Pẹ́dàlì àpótí yẹn wà nínú àpótí fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó ń yọ lẹ́nu. Bí orin bá tán, wọ́n á ti àpótí pa dà sí igun yàrá.

Ìgbà tí wọ́n kó ẹ̀rọ náà wọ inú píánò gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wàhálà dé. Píánò ti ní pẹ́dàlì idẹ tirẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nílò. Pẹ́dàlì ńlá méjì mìíràn kò lè máa jókòó síwájú rẹ̀ títí. Píánò tún jẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé nígbà náà. Oníbàárà kò fẹ́ kí àlejò wọlé kí ó rí ohun tó jọ ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ni àwọn tó ń ṣe é bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oríkèé tí wọ́n lè fi sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Nínú píánò òòró, ilẹ̀kùn á ṣí, pẹ́dàlì á ká jáde. Nínú píánò gbọọrọ tó nà lélẹ̀, ọgbọ́n náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ikùn tí pẹ́dàlì lè sá sí. Wọ́n ní láti ká a sókè mọ́ abẹ́ píánò. Ní Buffalo ní Amẹ́ríkà ní 1908, àwọn aṣepíánò fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí ìwé ṣe máa fẹ̀ àti bí ihò ṣe máa sún mọ́ra, kí róòlù ilé iṣẹ́ kan lè bá píánò ilé iṣẹ́ mìíràn mu. Ní ti oríkèé pẹ́dàlì, kálukú ń ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ fi lè mọ inú pianola mẹ́wàá, kí ìkọkànlá sì tún dà á láàmú.

Mo yọ pátákó ìsàlẹ̀. Inú rẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Aṣọ ẹwìrì ti dúdú, ó sì le lójú, ní àwọn etí ibi tó ń ká sí ni rọ́bà rẹ̀ ti ń dán. N kò ní sọ pé oníṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá purọ́. Ẹni tó bá fi ojú nìkan wò ó, ohun tó sọ náà ló máa sọ. Aṣọ òwú tí wọ́n fi rọ́bà ra ni wọ́n fi ń bo ẹwìrì, rọ́bà ayé ìgbà yẹn sì máa ń kú bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àmọ́ ìdánwò wà fún un, kò sì gba ju kí èèyàn yọ rọ́bà ńlá kan.

Rọ́bà ńlá yìí ló so ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òkè. Mo yọ ọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ibi tó ti jáde ní ìsàlẹ̀ pinpin, mo ní kí màmá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ pẹ́dàlì le, kò lọ mọ́. Ẹwìrì ìpamọ́ pa dé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀; kódà nígbà tí màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yanu. Ẹwìrì tí aṣọ rẹ̀ ti gbó kò lè di afẹ́fẹ́ mú bẹ́ẹ̀. Mo dá rọ́bà pa dà, mo fi téèpù lẹ gbogbo ihò 88 orí ọ̀pá idẹ, a tún un ṣe. Ìyẹn ń jò díẹ̀, bí ohun tó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe máa ń jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjò tó lè pa orin.

Bí kò bá jò, tí afẹ́fẹ́ kò sì tó, a jẹ́ pé èyí tí ẹsẹ̀ ń fà ló kéré.

Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, màmá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹwìrì ọ̀tún ń yanu dáadáa. Ti òsì ń la ẹnu díẹ̀, ó ń pa dà. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́ níbi tó ti fẹ̀ jù: ọ̀tún fẹ̀ tó ìǹṣì mẹ́ta ààbọ̀, òsì kò tó méjì. Ẹsẹ̀ méjì ń ṣe làálàá, iṣẹ́ ẹsẹ̀ kan àti ààbọ̀ ló ń jáde. Nínú orin jẹ́jẹ́, èyí tó, nítorí ẹwìrì kékeré díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohùn bá pọ̀ jọ, ọ̀pọ̀ ẹwìrì kékeré ló máa fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ lójú kan náà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń yí róòlù náà fẹ́ jẹ lára rẹ̀, ẹwìrì ìpamọ́ á sì tú. Ni ìwé á bá máa wọ́. Màmá á yára ẹsẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n sísáré lórí pẹ́dàlì tí kò rìn jìnnà kò fi bẹ́ẹ̀ mú afẹ́fẹ́ wá. Ìrora orúnkún ló ń mú wá.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni ọ̀nà tí pẹ́dàlì fi ń fa ẹwìrì. Ìgbànú ló so wọ́n pọ̀: láti abẹ́ pẹ́dàlì, ó gba orí igi roboto kan, ó lọ mú ẹnu ẹwìrì. Ìgbànú ọ̀tún ṣì jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe, ìgbànú òwú híhun tó nípọn. Ti òsì ni èyí tó já tí wọ́n pààrọ̀. Ìgbànú ọ̀rá ni wọ́n fi sí i, irú èyí tó máa ń wà lára báàgì ìrìnàjò, ó sì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Ọ̀rá máa ń nà bí a bá ń fà á lójoojúmọ́, nítorí náà bó bá tiẹ̀ bá a mu lọ́jọ́ tí wọ́n so ó, kò lè bá a mu mọ́ báyìí.

Ìgbànú yìí kan náà ló ń gbé pẹ́dàlì dúró. Bí ó bá gùn jù, pẹ́dàlì á ti wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á ti kan ilẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀nà kejì: nígbà tí wọ́n bá ká pẹ́dàlì wọlé, àpọ̀jù ìgbànú náà á ṣù jọ sẹ́yìn rẹ̀, á sì máa tì í síta. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé àti orin tó ń wọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìkòkò òdòdó ni wọ́n fi bo ẹ̀rí.

Nǹkan mìíràn tún fi kún un. Irin tó kọjá láàárín oríkèé pẹ́dàlì òsì ti dípẹtà, afẹ́fẹ́ òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin, ó sì ti jẹ ihò rẹ̀ di gbọọrọ. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, oríkèé á kọ́kọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìgbànú. Kì í ṣe púpọ̀, àmọ́ gbogbo ohun tó bá sọnù sínú oríkèé, ẹwìrì kò ní rí i. Pẹ́dàlì tí kì í ká kò ní irú ìṣòro yìí rárá. Iye tí wọ́n san kí yàrá lè dára ni.

Mo tú pẹ́dàlì méjèèjì kúrò, kì í ṣe èyí tó ń ṣàìsàn nìkan. Yíyọ irin tó dípẹtà náà gba sùúrù, nítorí bí igi tó yí i ká bá là, iṣẹ́ káfíńtà ló kù. Mo fẹ ihò náà díẹ̀ kí ó lè ṣe roboto pa dà, mo ki òrùka idẹ sí i, mo fi irin tuntun tó bá òrùka yẹn mu há a. Gírísì díẹ̀ ni mo fi sí irin náà, n kò jẹ́ kí ó kan ibòmíràn: epo tó bá kan awọ tàbí rọ́bà inú pianola á bà á jẹ́.

Ìgbànú ni mo pẹ́ lé lórí jù. Ẹni tó so ti ọ̀rá náà ti da gọ́ọ̀mù funfun ti àwọn káfíńtà lé ìdí rẹ̀ kí ó tó kan sikúrù mọ́ ọn, nígbà tí mo sì fẹ́ yọ ọ́, ó ha igi jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran, èyí tí omi gbígbóná díẹ̀ lè tú bí ọjọ́ àtúnṣe bá pé. Ó dùn mí pé àwọn tó ń tún wọn ṣe lóde òní kì í ro ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fi igi líle dí ihò tó fẹ̀ náà, mo sì gé ìgbànú òwú tuntun méjì láti ara ẹyọ kan náà. Ìgbànú ọ̀tún kò tíì já, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, tuntun á máa nà nígbà tí ogbó dúró, a ó sì tún pa dà síbi tí a ti kúrò.

Ìwọ̀n gígùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ohun tí mo tẹ̀ lé nìyí: kí pẹ́dàlì méjèèjì ga bákan náà nígbà tí kò sí ẹsẹ̀ lórí wọn, kí ẹwìrì méjèèjì pa dé tán, kí ìgbànú kàn án láìdẹ̀, láìfà. Lẹ́yìn náà ni mo ká wọn wọlé, mo sì pa ilẹ̀kùn. Ó pa dé. Mo ṣí i, mo tún pa á. Rúlà fi ìǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ hàn ní ọ̀tún, ó kù díẹ̀ kí ti òsì tó bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ nítorí ìgbànú tuntun ṣì máa jókòó.

Ó ku ìdánwò ìwé. Lórí pianola, nọ́ńbà ìyára ní ìtumọ̀: bí wọ́n bá fi í sí 70, ìwé gbọ́dọ̀ rin ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìṣẹ́jú kan. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí etí ìwé, màmá ń tẹ̀ ẹ́, mo di aago mú. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ti ṣe ìdánwò yìí níbi tí ohùn ti pọ̀, kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ó dé 7 báyìí, níbi orin jẹ́jẹ́ àti níbi ariwo.

Màmá kò dá sí ọ̀rọ̀ rúlà àti aago. Róòlù kan wà tí wọ́n ti ń yẹra fún tipẹ́ nítorí apá ìparí rẹ̀ tó kún fún ohùn. Wọ́n fi í sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dópin. Ní ibì kan wọ́n ta ẹsẹ̀ òsì lójijì, ohùn ìsàlẹ̀ kan sì yọ gbàà láàárín gbogbo rẹ̀. Wọ́n wo ojú mi bóyá mo gbọ́. Mo gbọ́.

A jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò fọwọ́ kàn. Aṣọ ẹwìrì máa gbó lóòótọ́, àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí òkè sì ti ń le. Ẹ̀rọ tó ń yí róòlù ní ibi kan tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Kò sí èyí tó ń pa orin lónìí, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má náwó lé e títí tí ìdánwò àtẹ́lẹwọ́ yẹn á fi kùnà. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é fúnra wọn, nítorí rọ́bà ńlá náà rọrùn láti yọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pátákó ìsàlẹ̀ níbi tí oníṣẹ́ tó bá tún dé máa rí i: bí ìgbànú ṣe gùn tó, irú òwú tí ó jẹ́, òrùka idẹ tó wà nínú oríkèé òsì, àti pé ibi ìgbànú ni kí ó kọ́kọ́ wò bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ láti pa dé.